Àmín tí Jọmílójú Kò Ṣe

Ọlágòkè ní bí òun bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kú, ilẹ̀ kò ní gba òun. Ọjọ́ kẹta tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ló ránṣẹ́ pe Jọmílójú láti Iléṣà wá sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Jọmílójú jókòó tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, àánú ń ṣe é. Àánú yẹn gan-an ni Ọlágòkè kò lè fara dà. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má tíì káàánú òun, òótọ́ kan ti há sí òun lọ́fun bí egungun ẹja láti ọdún 2007, àfi kó jáde lónìí.

Ó ní ṣé ó rántí fídíò baba rẹ̀. Ta ni yóò gbàgbé? Nígbà tí Baba Adéjọbí rí i pé ọjọ́ ti lọ, ó ní kí wọ́n wá ya òun bí òun ṣe ń wúre fún àwọn ọmọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlágòkè tó ń ya fídíò l'Óṣogbo ni wọ́n pè. Odidi ọdún mẹ́rin ni baba ti fi bá Jọmílójú yan odì nítorí ọkọ tó fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n tan fídíò náà ní pálọ̀. Bí baba bá ti dárúkọ ọmọ kan, ọmọ náà á dìde, á máa ṣe àmín. Jọmílójú dúró títí fídíò fi tán, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Létí sàréè, Láńrewájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ tí baba kò wúre fún kì í bu yẹ̀pẹ̀ sí baba. Láti ọjọ́ náà ni Jọmílójú kò ti tẹ ilé baba rẹ̀ mọ́.

"Baba dárúkọ rẹ," Ọlágòkè wí.

Ó ní baba lé gbogbo ènìyàn jáde, ó ku òun àti kámẹ́rà, ó wá bá Jọmílójú sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun Ọlágòkè ti dẹnu ìfẹ́ kọ Jọmílójú rí, ó kọ òun, inú rẹ̀ sì ń bí òun. Ìkà ni òun, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ òun. Nídìí kọ̀ǹpútà l'Óṣogbo, òun tẹ lẹ́tà I láti fi sàmì síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, òun tẹ lẹ́tà O láti fi sàmì síbi tó parí sí, òun tẹ bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́. Ìka mẹ́ta péré. Àwòrán tó kù so pọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí sàréè, kásẹ́ẹ̀tì tí òun fi ya baba ṣì wà lọ́wọ́ òun, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Òun ìbá gbé e lọ sí Iléṣà. Ẹ̀rù ba òun, kí wọ́n má bàa mọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun gbé e dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, òun sì ya ìgbéyàwó kan lé ọ̀rọ̀ baba lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó pa á rẹ́ pátápátá.

Jọmílójú fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kí ni baba mi sọ? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlágòkè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n níbi yíyà, iná kámẹ́rà ló ń wò; nídìí kọ̀ǹpútà, ibi tí yóò ti gé e àti ibi tí yóò gé e dé nìkan ló ń dẹtí sí.

"Ó bẹ̀rẹ̀ pé, 'Jọmílójú, ọmọ mi.' Ó parí rẹ̀ pé, 'Kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ.'"

"Àárín ńkọ́?"

Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun kò rántí àárín rẹ̀, kó forí ji òun nítorí Ọlọ́run, ikú ń bọ̀, òun kò ní nǹkan mìíràn tí òun lè fún un. Jọmílójú dìde dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń retí. Ẹkún nìkan ló gbọ́; ó mú báàgì rẹ̀.

"Ọlágòkè, kí ni kí n wá ṣe àmín sí?"