Èmi Ni Mo Kọ́ Sídí Lólè Igi

Bí àwọn èèyàn bá ń yìn mí pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí láti kékeré, ojú máa ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, kí ara lè tù mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí ní Ìbà nígbà náà. Ẹni tó bá ṣẹ́gi tí kò lè rù ú tán, á dì í sẹ́bàá ọ̀nà Okokomaiko, á wá fi ààlè kọ́ ọ, ìyẹn àkísà àti ṣùkù àgbàdo. Ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án? Ẹ̀rù èpè ń bà wọ́n. Èmi àti Sídí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé inú ilé kan, a máa ń tú ààlè olóhun dànù, a ó fi tiwa rọ́pò. Bí olóhun bá dé, á rò pé igi ẹlòmíràn ni, á sì yà á sílẹ̀. Àwa á wá rù ú fún aláàkàrà, òun náà á fún wa ní àkàrà gbígbóná.

Ọjọ́ tí a ṣe é sí igi Ìyá Ẹlẹ́kọ, arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa, ó rí ààlè wa, ló bá tún padà wọgbó lọ ṣẹ́ òmíràn. Kò wálé mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́. Ọpẹ́ ni pé kò kú! Àmọ́ aṣọ Sídí ni àkísà ara ààlè náà, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ilé ní kí Sídí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ tó ń kọ́ nílùú Ọjọ́, kó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ìyá mi ní, "Ṣé o rí i? Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́." Èmi gan-an sì ni ajá ọ̀hún.

Sídí wò mí, ó ní, "Èmi nìkan ni mo ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹlẹ́kọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní ká má fọwọ́ kan igi yín, mo ní ojo ni."

Ìyá mi gbá mi létí. Ìyá Ẹlẹ́kọ wá ní, "Ẹ má lé ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn méjèèjì ni yóò máa ṣẹ́gi fún mi títí ẹsẹ̀ mi á fi san."

Ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Igi tí mo rù lọ́jọ́ náà kò wúwo lórí mi rárá. Sídí kọ́ṣẹ́ yanjú, òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣìwà hù, tí ẹ ń wá ọ̀rẹ́ tó bà á jẹ́ kiri, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ọmọ ta ni ìwọ náà ti bà jẹ́?