Orí Kan Tó Kù Nínú Ìwé Kẹfà

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà obìnrin méjì nínú ọkọ̀ Ayétòrò, bí mo ṣe ń fọ́mọ lọ́mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá ọ̀nà ilé láàárín ìràwọ̀ yẹn, ṣé ẹ ti parí ẹ̀?"

"Ó ku orí kan. Láti ilé-ìwé lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jọ ń kà á. Ìwé kẹfà yìí, Faransé ló rí rà ní Kétu lódìkejì bọ́dà, níbi tó lọ́kọ sí. Sátidé ló máa ń wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Tó bá kan ìjà, á dìde dúró!"

"Èmi kà á lóyìnbó. Ọ̀gá ọkọ̀ wọn..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre! Ẹnu ẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Tí wọn ò bá wá ṣí bọ́dà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àwọn ará ọkọ̀ yẹn ò tíì délé nìyẹn."