Àwọn Lẹ́tà Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

Alága wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin lọ́yà wa tí ẹ ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin àlejò wa, àti ìyàwó mi tó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ gùn, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba orúkọ, kí n béèrè ohun tó gbé èèyàn wá, kí n sì wá lọ́yà tó máa gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu? Ọ̀pọ̀ ló ń mú lẹ́tà kóòtù wá láì tíì ṣí i. Wọ́n á ti ká a sínú àpò títí á fi rún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n gbé e rìn wá bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Irú ìgboyà wo nìyẹn? Èmi náà á ní, "Ó yá, ká ṣí i wò." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi sọ mí ní Bàbá Ká-Ṣí-i-Wò.

Àmọ́ orúkọ yẹn ò yẹ mí lọ́jọ́bọ̀ kan, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ti ń tilẹ̀kùn nígbà tí obìnrin aránṣọ kan sáré dé, lẹ́tà kóòtù tí kò tíì ṣí lọ́wọ́, òógùn lójú.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Mo ní, "Aago mẹ́rin ti lù, àǹtí mi. Ó di ọjọ́ Ajé, a kì í gbàlejò lọ́jọ́ Ẹtì." Mi ò tiẹ̀ nawọ́ gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Adájọ́ dá onílé tó fẹ́ lé e jáde láre, ó ní kí obìnrin náà àti ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa ní ọ̀nà kan ló kù: ká bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, kí ẹnì kan sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá. Ta ló mọ ìdí ọ̀hún bí kò ṣe èmi? Mo dìde níwájú adájọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó wá sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo dá a padà." Wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, lọ́yà wa jà fitafita, ilé náà ò sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo bẹ obìnrin náà. Kò sọ pé òun dárí jì mí o, kò sì tíì sọ ọ́ dòní. Ṣe ló ń di àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tàwọn ti lẹ́tà wọn, ó ń mú wọn wá bá èmi yìí kan náà. Èèyàn mọ́kànlá! Háà, orí mi wú. Kí ni mo ṣe tó tún fi ń fọkàn tán mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ẹnì kejìlá wá. Mo ti tilẹ̀kùn. Ó ń wò mí látinú gíláàsì, ó ní, "Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin ti lù." Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó rí i ṣí. Àwa mẹ́ta jókòó, a ṣí lẹ́tà náà, a kà á tán. Obìnrin yìí wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń mọ iṣẹ́ yìí bọ̀ o!"

Ẹ̀yin tí mo fi tábìlì yẹn sílẹ̀ fún, Ọlọ́run á fún yín lójú àánú. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò ní dá nìkan dúró lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí tàṣìṣetàṣìṣe. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tèmi.