Mo Gbá Ọmọ Mi Létí Torí Ó Sọ Òtítọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Àwọn ìyá mọ́sáláṣí wa ní kí n wá kọ́ àwọn ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́.

Mafoluku l'Ékòó là ń gbé, nígbà tí owó epo dé, tí oníkálukú ń ra tẹlifíṣọ̀n. Àwa ò ní. Ti Alájà, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa, làwọn ọmọ ilé ń wò. Sìfáwù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mú un wá kó lè kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Lọ́jọ́ kan, Rísíkà ọmọ mi sáré wọlé. Ọmọ ọdún méje ni. "Màámi, èmi ni mo fọ́ tẹlifíṣọ̀n Alájà. Ọmọ odó ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

Ó yẹ kí n gbá a mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé wa nílé. Mo gbá a létí.

"Pa ẹnu ẹ dé! Sìfáwù ló fọ́ ọ. Ṣé o gbọ́?"

Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé Ọlọ́run ò fẹ́ irọ́. Mo tún gbá a. Mo gbá a títí tó fi gbà.

Ó sọ lójú gbogbo ilé pé Sìfáwù ni. Sìfáwù ń búra pé òun kọ́. Alájà kọjú sí mi: "Ìyá Rísíkà, ẹ̀yin kì í parọ́. Kí lẹ rí?"

Mo ní Sìfáwù ni. Mo ní mo fojú mi rí i.

Wọ́n nà án débi tí kò lè jókòó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e sọ́kọ̀ l'Óṣòdì, wọ́n dá a padà s'Ísẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ parí síbẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo pe Rísíkà. Òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo ní ká jọ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sìfáwù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àforíjì kí ni, Màámi? Sìfáwù ló fọ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ṣebí ẹ̀yin náà rí i."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò ṣàwàdà o. Ó ti gbà á gbọ́.

Mo ti mọ ilé Sìfáwù báyìí. Tí mo bá lọ jẹ́wọ́, ọmọ tí mo fi irọ́ tọ́ ló máa pè mí ní òpùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóye jù mí lọ, ṣé kí n dá lọ? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?