Omi Tí Mo Gbé fún Bátìrì Sàláúdéènì

Ọdún 1976 ni Sàláúdéènì fi mí ṣẹ̀sín, lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́ bátìrì lọ́wọ́ ọ̀gá wa ní Bẹẹrẹ. Òun ni àgbà láàrin àwa ọmọ-iṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ń fún Akínwùmí ní ìwé ẹ̀rí. Ta ni yóò máa bá a kà á?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá tó bí mi. Ọdún méjìlá ni mo fi dì í sínú. Ohun tí mo fi gbẹ̀san ni mo fẹ́ sọ, torí mi ò lè gbé e mọ́.

Lọ́dún 1988, ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Yemetu gba ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣe iná, kí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé má baà gbóná. Bátìrì òkè òkun tí yóò máa gba iná náà pamọ́ ti di ọ̀wọ́n, ìgbìmọ̀ wọn ní ká ṣe é nílé: òjé láti Ìdí Arẹ́rẹ́, àpótí láti Ọjà'ba, kí Sàláúdéènì tò ó pọ̀ ní Bẹyẹrunka. Bó bá lo ọdún kan, ọwọ́ wa ni gbogbo ilé ìwòsàn yóò ti máa rà á. Èmi ni yóò gbé omi bátìrì wá, omi tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀ sínú ìgò. Omi odò Ògùnpa ni mo bù. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́ lójú. Mo mọ̀, ẹ gbọ́ mi o, mo mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ bátìrì run. Sàláúdéènì gbé ìgò sókè, ó ní, "Akin, omi rẹ mọ́ ju ìwà rẹ lọ." Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọ ọ́ sí i."

Kò pé oṣù méjì tí bátìrì kú. Nọ́ọ̀sì Lucy da odidi páálí abẹ́rẹ́ nù, àwọn ìyá pọn ọmọ wọn padà sílé. Ìgbìmọ̀ ní, "A ti mọ̀ pé ará ibí ò lè ṣe é," wọ́n kọ̀wé sókè òkun. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tú bátìrì kan wò! Inú ṣì ń bí mi sí wọn. Ṣùgbọ́n èmi ọ̀dájú ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń yọ́ òjé paná. Sàláúdéènì ti ìsọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọdún keje lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ náà tún pèpàdé ní Màpó, wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe bátìrì oòrùn. Sìdí, ọmọ Sàláúdéènì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nawọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ bàbá tí bátìrì rẹ̀ ń kú bí adìyẹ tí lùkúlùkú mú? Jókòó jàre!" Bàbá rẹ̀ ò lè gbójú sókè. Mi ò tíì dárí jì í o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní, "Sìdí, má jókòó. Bátìrì bàbá rẹ dára. Omi Ògùnpa ni mo bù fún un. Èmi Akínwùmí ni mo pa á, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."