Mo Pààrọ̀ Ẹni Tó Kàn Nítorí Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ojúsàájú ni mo ṣe, mo sì fi í pamọ́ fún àwọn tó fọkàn tán mi. Ayọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí ẹnu mi là. N kò lè gbádùn rẹ̀ tán bí n kò bá sọ̀rọ̀.

Tíṣà ni mí l'Ádó-Èkìtì. Lọ́sàn-án Sátidé, Dàpọ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀ àti Yétúndé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń wá sílé wa, a ó sì jókòó yí tábìlì ká láti ṣe eré kan. Èmi ni mo máa ń sọ ìtàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní akọni tirẹ̀ nínú ìtàn náà, á sì sọ ohun tí akọni rẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ìjà bá dé, èmi ni mo máa ń da dáìsì fún gbogbo wọn lẹ́yìn páálí kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Màá wá kéde ẹni tó kọ́kọ́ kàn, ẹni tó tẹ̀ lé e, àti ìgbà tó kan ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn kì í ṣe kékeré o. Bí ó bá kàn ọ́ ṣáájú ẹranko, o lè sá, o lè gbé asà. Bí ẹranko bá ṣáájú, o lè kú kí o tó mira.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi, bàbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n á kàn jókòó sí pálọ̀, wọn ò tilẹ̀ ní tan rédíò. Ní Sátidé kan, wọ́n fa àga wọn mọ́ tiwa, wọ́n bi wá bóyá àwọn lè ṣe ọdẹ nínú eré náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí inú mi á ti dùn tó.

Ẹ̀rù wá bà mí pé bí ọdẹ yẹn bá kú, Bàbá á tún padà sínú ìdákẹ́jẹ́ wọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ nìyẹn. Ohunkóhun tí dáìsì ìbáà sọ, Bàbá ni mo máa ń pè ṣáájú ọ̀tá.

Ara wọn yá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn yára ju ọ̀dọ́ lọ.

Àfi ọjọ́ tí àwọn akọni wọn pàdé erè ńlá létí odò. Dàpọ̀ ló kọ́kọ́ kàn, erè tẹ̀ lé e, Bàbá ló kẹ́yìn. Mo fi Bàbá sípò Dàpọ̀, mo ti Dàpọ̀ sẹ́yìn erè. Bàbá ta ọfà, kò bà á. Ni erè bá yíjú sí alágbẹ̀dẹ Dàpọ̀, akọni tó ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré wa, ó gbé e mì kí ó tó kàn án láti gbé asà.

Dàpọ̀ ní, "Kò burú. Ṣebí bó ṣe kàn nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mi ò lè wò ó lójú.

Sátidé tó kọjá, Bàbá fúnra wọn ló ní kí oníkálukú máa da dáìsì tirẹ̀ ní gbangba, kí àwọn lè fi hàn wá pé ọwọ́ àwọn yá. Mi ò rí àwáwí ṣe. Ìjà dé, Bàbá da dáìsì, oókan ló fún wọn. Àwọn ọlọ́ṣà ṣáájú wọn, wọ́n yí ọdẹ ká. Bàbá di etí tábìlì mú, wọ́n ń bẹ Dàpọ̀ pé kí akọni tuntun rẹ̀ sáré wá gba àwọn. Dàpọ̀ gbìyànjú, kò bá a. Ọdẹ kú.

Mo yára wo ojú Bàbá. Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Folúkẹ́, ẹ̀rù bà mí lónìí. Mi ò mọ̀ pé eré yìí dùn tó báyìí. Jẹ́ kí n mú akọni mìíràn. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ lọ ulé."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé adùn eré gan-an ni mo ti fi ń dù wọ́n. Mo pa akọni ọ̀rẹ́ mi lásán.

Mo fẹ́ bẹ Dàpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, Bàbá á mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló yára. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbà pé ẹni tó lè fi ikú ọdẹ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, á lè fi irọ́ ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín náà?