Gbólóhùn Tí Alhaji Gbé Lọ Bá Dókítà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Ǹ bá ṣì máa dákẹ́ lọ, àmọ́ bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó wọn ti ń di ẹrù. Wọ́n fẹ́ fi London sílẹ̀ pátápátá nítorí irọ́ kan tí mo pa. Wọn ò sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá náà, màá kàn máa pè wọ́n ní Alhaji. Èmi, ọmọ Yorùbá ni mí. Peckham ni mo dàgbà sí, ọ̀dọ̀ Mummy mi ni mo ṣì ń gbé níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni àwa àti Alhaji ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí inú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mò ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣe èdè kan tí àwọn èèyàn fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Èdè náà ní irinṣẹ́ tí à ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Òun ló máa ń sọ ohun tí èèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Tí ẹ̀dà tuntun kọ̀ǹpáílà yìí bá fẹ́ jáde, a máa ń kó ètò rẹpẹtẹ tí àwọn èèyàn káàkiri ayé kọ, tí wọ́n gbé sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fi ẹ̀dà tuntun náà dán wọn wò. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí kò wá ṣiṣẹ́ mọ́, èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni màá sọ bóyá kọ̀ǹpáílà wa ló ṣe àṣìṣe, àbí ẹni tó kọ ètò náà. Tí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ gbé ẹ̀dà kan jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ pinnu bóyá wọ́n á tún gbà mí sí i, torí kọ́ńtíráàtì mi ti ń parí. Ní ìpàdé àárọ̀, ọ̀gá wa bi mí bóyá mo ti yẹ gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tán, kò sí wàhálà. Kò tíì tán. Ó ku díẹ̀. Mo rò pé màá sáré ṣe é kí n tó jẹun ọ̀sán.

Inú díẹ̀ yẹn ni ètò kékeré kan wà. Ẹnì kan kọ ọ́ láti fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe tẹ̀ léra, kí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè lè rí i lò. Ẹni náà ò lo orúkọ ara ẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré ló fi síbẹ̀. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Tuntun fi "gbà" ṣáájú "gún". Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. G ló ń ṣáájú, GB ló ń tẹ̀ lé e. Mummy ti fi kọrin fún mi kí n tó mọ ìwé kà.

Mo wo inú ẹ̀, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ètò yẹn. Kọ̀ǹpáílà wa ló fo ìgbésẹ̀ kan tó rò pé kò wúlò. Ó yẹ kí n pe ọ̀gá mi, kí n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Àmọ́ mo ti sọ láàárọ̀ pé ó ti tán.

Ọ̀gá mi fúnra ẹ̀ rí i lórí àkọsílẹ̀, ó sì bi mí, torí èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá láàárín wa. Ó ní, èmi ni mo mọ èdè yìí, ṣé ẹ̀bi wa ni àbí ti ẹni tó kọ ọ́? Mo ní ti ẹni tó kọ ọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò bi ẹlòmíì, torí kò sí ẹlòmíì tó lè bi.

Mo wá kọ ọ́ sí gbangba, sójú ìwé ètò náà, lórúkọ ibi iṣẹ́ wa, láìfi orúkọ mi sí i: "Àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́ ni. Ètò yìí ò dára láti ìbẹ̀rẹ̀, orí ló kàn ń bá a ṣe é." Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni náà fèsì. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń ka iṣẹ́ òun láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò rí àṣìṣe náà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ fi han òun, òun fẹ́ kọ́ ọ. Mo ní kó tún un kà dáadáa, kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpáílà wa. Ó fèsì pé òun dúpẹ́, pé ká má bínú, òun ti fi àkókò wa ṣòfò. Nígbà tí mo tún yọjú síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ó ti kọ ọ́ sókè pé òun ò ní tọ́jú ètò náà mọ́, torí òun ò lè fọkàn tán ojú òun mọ́.

Wọ́n tún gbà mí síṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹlòmíì ní ìlú míì rí àṣìṣe kan náà nínú iṣẹ́ tiẹ̀, ó fi tó wa létí, wọ́n sì tún kọ̀ǹpáílà ṣe. Ó yẹ kí n padà lọ sọ fún ẹni tó kọ ètò Yorùbá yẹn. Ojú tì mí. Mo ní ó ti gbàgbé.

Nígbà òtútù tó kọjá, Alhaja, ìyàwó Alhaji, bẹ Mummy pé kí n wá bá àwọn kó àwọn fọ́tò jáde nínú láptọ́ọ̀pù ọkọ àwọn, torí wọ́n fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù náà tọrẹ. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ni Alhaji ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ wọ́n mọ́ ni pé àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kíkà ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ti fi ìyẹn náà sílẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ní ara àwọn ò le. Mi ò mọ̀ rárá pé wọ́n máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wọn ní Sydenham lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná: ṣúgà, iyọ̀, oògùn àárọ̀. Mo rọra bi Alhaja bóyá Alhaji ń gbàgbé nǹkan ni. Alhaja ní rárá, wọn ò tíì gbàgbé nǹkan kan rí, wọ́n kàn ń múra sílẹ̀ de ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi ọkọ̀ wíwà náà sílẹ̀. Alhaja, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, ló wá ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ síbi iṣẹ́ ní Lewisham.

Mo tan láptọ́ọ̀pù. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn, tí ẹni tó kọ ètò Yorùbá fi ṣe orúkọ, ni mo kọ́kọ́ rí.

Alhaji rí i pé mò ń wò ó. Wọ́n rò pé iṣẹ́ náà ló wù mí. Wọ́n lọ mú fáìlì kan wá, wọ́n ní èmi tí mo mọ iṣẹ́ yìí á lóye ẹ̀ ju Alhaja lọ. Lẹ́tà ilé ìwòsàn ló kún inú ẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ni gbólóhùn mi, tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, tí wọ́n fi bírò fàlà sí nídìí. Wọ́n ti gbé e lọ bá dókítà tó ń yẹ ọpọlọ àwọn àgbàlagbà wò. Wọ́n ní àrùn ìgbàgbé ló pa ẹ̀gbọ́n àwọn, àṣìṣe kéékèèké nínú ìṣirò ló sì fi bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ ara wọn.

Mo béèrè ohun tí dókítà sọ.

"Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí," Alhaji dáhùn. "Ó ní kí n wo àwòrán, kí n ka nọ́ńbà sẹ́yìn, mo ṣe gbogbo ẹ̀. Àmọ́ dókítà ò mọ iṣẹ́ mi. Ẹni tó kọ èyí mọ̀ ọ́n. Òun ló sì sọ pé mi ò rí ohun tó wà níwájú mi."

Mo kó fọ́tò náà tán. Mo jẹ ìrẹsì tí Alhaja bù fún mi. Mo dúpẹ́, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà.

Bí mo ṣe délé, mo fi kọ̀ǹpáílà tí wọ́n ti tún ṣe dán ètò Alhaji wò. Gbogbo ìdánwò inú ẹ̀ ló yege. Kò sí àṣìṣe nínú ìlà kankan tí wọ́n kọ.

Mo jẹ́wọ́ fún Mummy. Mo rò pé wọ́n á ní ká dìde, ká lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo ojú Alhaja ní mọ́ṣáláṣí? Fi sílẹ̀. Wọ́n ti gbà á ní kádàrá." Mo fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò di ẹ̀bi náà ru ìyá mi. Ẹni tó máa ní kí n dákẹ́ gan-an ni mò ń wá.

Lóṣù tó kọjá, Alhaja pè mí. Wọ́n ní àwọn ń padà sí Ìsẹ́yìn, torí Alhaji ò fẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀ àjèjì ni àwọn á ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn kọ fóòmù tí wọ́n fi ń dá ilé padà fún káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé tí wọ́n ń gbé. Mo lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́. Alhaji ò kà á. Ibi tí mo nawọ́ sí ni wọ́n fọwọ́ sí.

Lẹ́yìn tí a kí ìrun Àsárì tán, Alhaji gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mi sọ òótọ́ nígbà tí gbogbo yín ń tù mí nínú, Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì í láyé." Alhaja ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n lọ. Tí káńsù bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn, wọn ò ní rí irú ẹ̀ gbà mọ́. Tí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, kí Mummy má sì lè yọjú sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni pé Alhaji lè má gbà mí gbọ́. Wọ́n lè ní èmi náà ń tù wọ́n nínú ni. Mo ti tẹ àkọsílẹ̀ àtúnṣe kọ̀ǹpáílà náà sórí ìwé, ó wà nínú báàgì mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Sátidé yìí ni Alhaja ní kí n wá gba àwọn ìkòkò tí wọn ò ní gbé lọ, ibi iṣẹ́ ni Alhaja máa wà, Alhaji nìkan ni mo máa bá nílé. Màá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ àgbàlagbà tí ẹ ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, tí Alhaji bá ṣílẹ̀kùn fún mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?